Ẹgbẹ́ Tó Ń Ṣèpàdé Lọ́sàn-án

Bí ọmọ kan bá ń kúrò ní Akotogbo lọ sí yunifásítì, ìmọ̀ràn mẹ́ta ló máa ń gbọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Èkíní ni pé kí ó má gbàgbé Ọlọ́run. Èkejì ni pé kí ó má gbàgbé ilé. Ẹ̀kẹta ni ìyá rẹ̀ máa ń rọra sọ sí i létí, bí ẹni pé ògiri ń gbọ́: "Má wọ ẹgbẹ́ kankan o. Mo bẹ̀ ọ́."

Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà kan tó ń to púpúrù sórí àjà tó wà lókè iná. Èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹgbẹ́ ló ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ní yunifásítì. Kí ó kàwé rẹ̀, kí ó gba sátífíkéètì, kí ó máa bọ̀ nílé." Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ ò sí nínú ẹgbẹ́ ni?" Ẹ̀rín pa á. Ó ní ti àwọn yàtọ̀, pé èsúsú làwọn ń dá. Ọjọ́ ọjà làwọn ń pàdé, ìta gbangba làwọn ti ń ka owó, ẹni tó bá kàn ló ń kó o, kò sí ohun tó bò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí fi ẹ̀rín sọ kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Òun ló sún mi dé ìdí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí: ìtàn ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń fi ọwọ́ ara wọn dá, tí ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi jọ ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ṣé ó yẹ kí òbí Ìkálẹ̀ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rù ti wá.

Ibi tí ẹ̀rù ti wá

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ní 1952, ní University College, Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ méje kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pyrates. Wole Soyinka, tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, wà lára àwọn méje náà. Ohun tí wọ́n ń bá jà ni ìgbéraga àwọn ọmọ ọlọ́lá àti ìwà ká máa ṣe bí òyìnbó. Eré ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ń múra bí àwọn olè ojú òkun inú ìwé ìtàn, wọ́n ń fi àwọn ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1972, àwọn kan ya kúrò, wọ́n dá ẹgbẹ́ Buccaneers sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, wọ́n sì di ọ̀tá ara wọn. Ní 1984, àwọn Pyrates fúnra wọn kéde pé àwọn ti kó ẹgbẹ́ àwọn kúrò ní ọgbà yunifásítì gbogbo. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn tó kù ti kọ́ ìbọn yíyìn.

Ní òru ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni George Iwilade, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà "ẹgbẹ́" ti di ohun tí òbí kò fẹ́ gbọ́ sétí mọ́. Ta ló lè bá wọn wí?

Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan. Òru ni wọ́n wá. Ẹni tó ń ṣe ohun rere kì í dúró de òru.

Ẹgbẹ́ àwọn baba wa

Kí yunifásítì tó dé, Yorùbá ti mọ ẹgbẹ́ dáadáa. Bí ọkùnrin bá fẹ́ ṣán oko tó ju agbára rẹ̀ lọ, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún bá fẹ́ kọ ebè, wọn yóò ṣe àáró: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ owó, èsúsú ń bẹ. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tó jáde ní 1921 nígbà tí òun ti kú. Gbogbo ènìyàn ń dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú sọdá òkun, wọn kò gbàgbé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Títí dòní, àwọn ará Trinidad ń dá a, wọ́n ń pè é ní "sou-sou".

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà gbé ọgbọ́n yìí dé ìlú òyìnbó. Ní 1925, Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Dókítà Bankole-Bright ti Sierra Leone kó akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ́kànlélógún jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí ayé mọ̀ sí WASU. Àwọn onílé òyìnbó kì í fẹ́ fún ènìyàn dúdú ní yàrá. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò jókòó sunkún. Solanke wọkọ̀ ojú omi padà wá sí ilẹ̀ wa ní 1929, ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn mẹ̀kúnnù, kò sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù títí di 1932. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden, Solanke sì ni alábòójútó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rò ó wò: akẹ́kọ̀ọ́ ń gba owó ilé, wọ́n ń se oúnjẹ tà, wọ́n ń san gbèsè. Wọn kò pè é ní òwò, ṣùgbọ́n òwò ni, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Nígbà tí iṣẹ́ ń wá ènìyàn

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ àtijọ́ kò fi dá ẹgbẹ́ oníṣòwò sílẹ̀? Èsì rẹ̀ rọrùn. Wọn kò nílò rẹ̀. Láti 1948 tí a ti dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ títí dé àárín ọdún 1970 sí 1980, iṣẹ́ ló ń wá ẹni tó jáde yunifásítì, kì í ṣe òun ló ń wá iṣẹ́. Ìjọba ń yá a lówó ra ọkọ̀, wọ́n ń fún un nílé. Ní 1975 tí wọ́n san owó Udoji, ẹni tí kò ní rédíò tẹ́lẹ̀ ra tẹlifíṣàn. Ta ni yóò máa rò pé òun fẹ́ ta ọjà? Ọjà títà jẹ́ ti ìyá rẹ̀ tó fi owó ẹ̀pà rán an níwèé.

Àsìkò yí padà. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Babangida sì gbé ètò SAP dé ní 1986. Náírà wó, ilé-iṣẹ́ ń tì, ìjọba kò gba ènìyàn síṣẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ NDE sílẹ̀ láti máa wáṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, èyí tó fi hàn pé ìjọba mọ̀ pé iná ti ń jó. Àwọn tó kàwé jáde wá ń gun ọ̀kadà. Kì í ṣe pé ọ̀kadà gígùn burú o. Ohun tó burú ni pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n fi kàwé kò kọ́ wọn ní ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn.

Ogún ọdún gbáko kọjá kí ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ ní 2006 pé kí gbogbo yunifásítì máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀, láì wo ẹ̀kọ́ yòówù tó bá ń kọ́. Àjọ NUC mú un di dandan. Àṣẹ náà dára. Àmọ́ ẹ lọ wo bó ṣe rí: gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, olùkọ́ mú máíkì, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìtumọ̀ òwò sínú ìwé, wọ́n ṣèdánwò, wọ́n yege, wọ́n gbàgbé. Ta ló ti ka ìwé títí tó fi mọ odò wẹ̀ rí? Ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀mẹta mọ̀ nípa èrè àti àdánù ju ẹni tó gba "A" nínú ìdánwò yẹn lọ.

Ibi tí ẹgbẹ́ ti wọlé nìyẹn.

Ọgbọ́n oríṣiríṣi lábẹ́ òrùlé kan

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí i tipẹ́ pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ ṣe lè má mọ bí a ti ń tà á, ẹni tó mọ títà sì lè má ní ohun tí yóò tà. Ní yunifásítì MIT, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òwò para pọ̀, wọ́n dá ìdíje kan sílẹ̀ ní 1990. Ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10,000. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn di 50,000, ó sì di 100,000 lẹ́yìn náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti jáde láti inú ìdíje akẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Òmíràn tó tún bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1975, ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní SIFE nígbà náà, tó sì yí orúkọ padà sí Enactus ní 2012. Èyí ti wà ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka oríṣiríṣi yóò kó ara wọn jọ, olùkọ́ kan yóò máa dá wọn nímọ̀ràn, wọn yóò wọ àárín ìlú lọ wá ìṣòro kan, wọn yóò fi òwò yanjú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ yìí ń pàdé láti wá sọ ohun tí wọ́n ṣe níwájú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹni tó bá peregedé yóò sì lọ ṣojú Nàìjíríà lókè òkun. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá purọ́, wọn yóò bi í léèrè lórí ìtàgé.

Kí a má fi ti òyìnbó nìkan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2009, àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé lọ sùn. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta, Ayodeji Adewunmi, Opeyemi Awoyemi àti Olalekan Olude, jọ jókòó, wọ́n dá Jobberman sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ yóò ti máa pàdé. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni Adewunmi ń kọ́. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ti Awoyemi. Ẹ ò rí i bí? Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nìkan kò lè dá a kọ sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́ ló dá ibi ìwáṣẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà.

Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló onípákó rẹ̀ hàn lórí Twitter. Ó ti ń fi 1,000 náírà sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n jáde ní yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, Odunayo Eweniyi, Joshua Chibueze àti Somto Ifezue, rí i. Wọ́n ní, kí ló dé tí a ò lè sọ kóló yìí di ti orí fóònù? Ní 2016 wọ́n bẹ̀rẹ̀ Piggybank, tó di PiggyVest ní 2019. Kóló ìyá wa àgbà ni o, aṣọ tuntun ni wọ́n dá sí i lọ́rùn.

Ẹnì kan yóò sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní alága, wọn kò ní akọ̀wé, pé ọ̀rẹ́ lásán ni wọ́n. Òótọ́ ni. Orí ló bá wọn ṣe é tí ọ̀rẹ́ tó yẹ fi pàdé ara wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni kò ní irú orí bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn lè lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì kí ó má bá ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà sọ gbólóhùn kan. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn: kí ó jẹ́ kí àwọn tí kò bá ti pàdé jókòó lórí àga kan náà.

Púpúrù ń dúró

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Òfin tó dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní Òkìtìpupa jáde ní 2008, nígbà ìjọba Olusegun Agagu, ọmọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fúnra rẹ̀. Agagu kú ní 2013, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà báyìí. Ẹni tó bá ti Akotogbo ní Ìrèlè wá kò ní láti ré kọjá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ó tó kàwé gboyè.

Wàyí o, púpúrù. Gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ló mọ̀ ọ́n. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀ tí oró inú rẹ̀ yóò sì dín kù. A ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó mọ ọ́n roboto, a ó tò ó sórí iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó ha ara rẹ̀ tó dúdú kúrò, a ó gún un, a ó kù ú. Oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni èéfín rẹ̀ ń fọ́ lójú? Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú ni. Ta ni òjò ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró? Òun náà ni. Ta ló sì ń gba èrè tó kéré jù nígbà tí púpúrù bá dé Èkó?

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lórí púpúrù ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Àmọ́ ìwé kì í gbẹ púpúrù. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ márùn-ún jókòó ní Òkìtìpupa. Ọ̀kan ń kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn, ó mọ ẹ̀gẹ́ tó dára. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó lè ṣe ààrò tí èéfín rẹ̀ yóò gba òkè lọ, tí kò ní wọ ìyá lójú. Ọ̀kan ń kọ́ kẹ́mísírì, ó lè wọn oró inú rẹ̀, kí ìwé àṣẹ NAFDAC má di ìṣòro. Ọ̀kan mọ ìṣirò, yóò sọ fún wọn iye tí wọn yóò tà á kí wọ́n má jẹ gbèsè. Ẹ̀karùn-ún ń kọ́ kọ̀ǹpútà, yóò wá ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù tí òùngbẹ púpúrù ń gbẹ. Ẹ mú ẹnì kan kúrò nínú márùn-ún yìí, iṣẹ́ náà yóò dá dúró sí ojú kan. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Ohun tó ń pa ẹgbẹ́

Mi ò ní tan yín jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kú kí ọmọ tó dá a sílẹ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí. Ohun mẹ́ta ló ń pa wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni owó. Bí owó kò bá tíì sí, ọ̀rẹ́ ni gbogbo wọn. Bí 50,000 náírà bá wọlé, wàhálà dé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n sọ bí wọn yóò ṣe pín èrè kí èrè tó dé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí owó gbígbà ní báńkì, kí wọ́n sì máa ka ìwé owó sókè ní ìpàdé, bí àwọn ìyá elésùúsú ti ń kà á.

Èkejì ni oyè. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò ní fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn. Yunifásítì kò dà bí ìlú. Ọdún mẹ́rin, ẹni tó jẹ́ alága ti di àlejò níbẹ̀. Ọmọ ọdún kejì ló yẹ kí ọmọ ọdún kẹta ti máa kọ́ níṣẹ́, kí ọmọ ọdún kẹrin sì di agbani-nímọ̀ràn. Ìdíje MIT yẹn pẹ́ nítorí pé lọ́dọọdún ni àwọn tuntun ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ.

Ẹ̀kẹta ni òkùnkùn, òun ló sì burú jù. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tí kò ní olùkọ́ tó dúró fún un, tó ń ní kí ọmọ búra kí ó tó wọlé, ọmọ yín kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní ẹgbẹ́ òwò. Àwọn méje ti 1952 kò rò pé ìbọn ni yóò gbẹ̀yìn ohun tí àwọn bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ti ní ìkọ̀kọ̀ nínú, a kì í mọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Ní 2020, yunifásítì ìjọba tún tì fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022, ó tì fún oṣù mẹ́jọ. Ọmọ tó ní ẹgbẹ́ rí nǹkan ṣe. Ọmọ tó ní sátífíkéètì nìkan lọ́kàn jókòó, ó ń dúró.

Nítorí náà, èsì mi sí ìbéèrè tí mo bi lókè ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Mo padà tọ ìyá mi olóúnjẹ èéfín lọ, mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó gbọ́, ó mi orí. Ó ní, "Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ ọmọ mi nígbà tí ó bá ń lọ?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ má sọ fún un pé kí ó má wọ ẹgbẹ́. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣèpàdé? Ta ló ń ka owó? Ta ni yóò gba ipò alága lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ó rò ó díẹ̀, ó fi igi kan síná. Ó ní, "Ohun tí à ń bi ara wa lésùúsú náà nìyẹn."

Òun náà ni, ẹ̀yin òǹkàwé wa.